Omi Gbígbóná Lórí Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Bí ọyẹ́ bá ti mú, òórùn epo bẹntiróòlù ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú, bí kò tilẹ̀ sí mọ́tò kankan nítòsí. Òórùn àárọ̀ ọjọ́ kan ní agbolé wa ní Ọ̀kà ni. Ọyẹ́ ṣì bo orí àwọn àpáta, ìkòkò omi ń hó lórí ààrò, ìyá mi sì jókòó sí àyè awakọ̀ nínú mọ́tò bàbá mi, tí oyún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárìn.

Rewáyà ni bàbá mi. Iṣẹ́ iná mọ́tò ni ó ń ṣe jẹun. Síbẹ̀, mọ́tò tirẹ̀ ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí a bá ń lọ sí Ìkàrẹ́, tí a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òkè ojú ọ̀nà tán, yóò dákẹ́. A ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì títí, lẹ́yìn náà yóò tún gbéra bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ìkàrẹ́ ni ọsibítù ìyá mi wà. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bímọ sílé, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì ti súnmọ́.

Bàbá Lékè, awakọ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, sọ pé òkè náà ni a kò kí. Àwọn awakọ̀ ìgbà náà kì í gùn ún láìfọn fèrè mọ́tò wọn kí i. Bàbá mi kì í fọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó pẹ́ nínú mọ́tò tó kú, ìyá mi a na ọwọ́ tẹ fèrè, mọ́tò a sì ṣiṣẹ́. Kí ni àdúgbò tún fẹ́ rí?

"Rewáyà, o ò níwà," Bàbá Lékè wí láàárọ̀ yẹn, ó ń rún orín. "Àgbà ni òkè yẹn."

"Bó bá jẹ́ àgbà, kó bá mi dá owó epo," ni bàbá mi fèsì, kò gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nídìí iṣẹ́ ni pé, "Bi í léèrè kí o tó dá a lẹ́bi." Mọ́tò náà kì í ṣe irú ti àtijọ́ tó ń lo kọ́ńtáàtì láti ta iná. Àpótí dúdú kékeré kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì, ni ó ń darí iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì. Bàbá mi fa wáyà kan yọ, ó ki púlọ́ọ̀gì mìíràn bọ ẹnu rẹ̀, ó gbé e lé irin ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá Dáyọ̀, yí kọ́kọ́rọ́," ó wí fún ìyá mi. Èmi ni Dáyọ̀.

Iná aláwọ̀ búlúù ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì náà. Ó wá rọ omi gbígbóná sínú ọ̀rá, ó dì í lẹ́nu, ó gbé e lé bíréènì náà. A dúró. Nígbà tí ìyá mi tún yí i, iná náà pọ́n, ó tín-ín-rín, ó sì pòórá.

"Jẹ́ kó fọn fèrè," Bàbá Lékè wí.

"Ìyá Dáyọ̀, bá wa kí òkè," ni bàbá mi wí.

Ìyá mi fọn ọ́n títí àwọn adìyẹ fi sá. Kò sí iná. Bàbá mi gbé ọ̀rá náà kúrò, ó fi omi àmù tí ọyẹ́ ti mú rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó ṣe, láìfọn fèrè, iná ta. Ooru ni. Bí òkè bá ti mú ẹ́ńjìnnì gbóná, bíréènì á kú. Bí a bá jókòó dè é, á tutù.

"Òkè náà ló ṣáà mú un gbóná," Bàbá Lékè wí, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Bí wàhálà bá lọ fúnra rẹ̀, má yọ̀. Ó lọ sinmi ni." Ó ra bíréènì mìíràn, ó sì gbé omi gbígbóná lé ìyẹn náà kó tó gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ tí ìrọbí mú ìyá mi, ó kọ̀ láti jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, ó na ọwọ́ láàárín ìrora, ó tẹ fèrè. Bàbá mi wò ó. "Kíkí kì í dá egbò sí ẹnu," ó wí. Mọ́tò gun òkè náà láìdúró, ìyá mi sì bí àbúrò mi obìnrin ní Ìkàrẹ́. Èmi, ní ìjókòó ẹ̀yìn, mo rẹ́rìn-ín sí fèrè yẹn nínú ọkàn mi. Ìdánwò omi gbígbóná yẹn, ojú mi ló ṣe. Mo gbà láti ọjọ́ náà pé ohun tí a bá ti rí ìdí rẹ̀ ti bùṣe.

Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wọ́n rí ibi tí àìsàn náà wà, wọ́n fi hàn mí nínú àwòrán, ó sì hàn kedere. Kò sí òmíràn tí a lè rà rọ́pò ibẹ̀ bíi bíréènì. Àìsàn náà a máa lọ, a máa padà. Mo mọ̀ pé ó lọ sinmi ni, n kò sì yọ̀. Ìyàwó mi a máa yọ̀ ní gbogbo ìgbà tí àìsàn náà bá lọ, a máa se ọbẹ̀ ewédú, a máa kọrin. Mo ń rò ó báyìí pé òun ló gbọ́n jù.

Mo ṣì ń wakọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Mọ́tò mi kì í kú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ìsàlẹ̀ òkè yẹn, mo máa ń tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, kí n tó gùn ún. Bí ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, tó dúró ti ọ̀rá omi gbígbóná, bá bi mí pé ta ni mo ń kí, n ó sọ fún un pé kíkí kì í dá egbò sí ẹnu.