Ọkọ̀ Ogun Tí Wọ́n Rì Sínú Omi Ìbàdí

Ìkòsí ò tíì jí nígbà tí mo jáde nílé ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Ojọ́ta ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà, lọ sí ìlú etí omi kan ní apá Gúúsù. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ọkọ̀ ogun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Ràsídì ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí àwọn olè orí omi ká wọn mọ́, ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n ṣí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí omi wọlé, kó rì, kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Bọ̀ọ̀dá ní omi ibẹ̀ ò jìn tó. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà á, pé ojo ni, wọ́n sì lé e. Owódé Onírin ló ti ń jó irin báyìí, ìyàwó ẹ̀ pàápàá sì gbà pé ojo ni.

Ọ̀nà yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tá a dé, mo jẹ sítáàṣì, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ pupa rúsúrúsú kan tó ń fà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ó dùn, àmọ́ ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ju ẹ̀bà wa lọ.

Ọlọ́kọ̀ ojú omi gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó bi mí pé, "Mummy, na Sidon you wan see?" Sidon, ìyẹn "jókòó", ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ogun náà.

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lóòótọ́, àwọn obìnrin ń sá ẹja lórí ẹ̀. Mo ká ìró, mo bọ́ sómi. Ìbàdí ló mọ. Àwọn tí wọ́n fowó wa kọ́ níṣẹ́ omi rèé o! Ọlọ́kọ̀ ní bí àwọn ọmọ ogun ṣe ṣí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tán ni wọ́n sá lọ. Àwọn olè gorí ẹ̀, wọ́n tú ìbọn ibẹ̀ kó lọ, wọ́n tún jẹ ìrẹsì gbígbóná tí wọ́n bá nínú ìkòkò. Ẹ́ńjìnnì tí olè kankan ò lè gbé, òun nìkan lomi mù. Ẹ bá mi wo ọgbọ́n àgbàlagbà. Àdúgbò Mende lọ̀gá tó pàṣẹ yẹn ń gbé báyìí, akọni ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ya fọ́tò, mo padà sílé lọ́jọ́ kejì. Mo mú fọ́tò náà lọ sílé Bọ̀ọ̀dá. Ìyàwó ẹ̀ wò ó, ó rí i pé òótọ́ lọkọ òun sọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn dénú eegun. Àmọ́ Bọ̀ọ̀dá ò tiẹ̀ wo ìyàwó ẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" ló bi mí.

Mo ní omi ti bò ó.

"Mi ò ráyè pa á," ló wí. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo fi í sílẹ̀."

Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Mo ti rò pé orúkọ rere ẹ̀ ni mo lọ gbà bọ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, òun nìkan ló ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.