Kóró Oògùn Tí Mo Dá sí Méjì

Nígbà tí orúkọ ilẹ̀ wa ṣì jẹ́ Dàhómẹ̀, èmi ni gádìẹ́n ilé ìwé kan ní ìgbèríko Adja-Ouèrè. Mò ń gbá àgbàlá, mò ń pọn omi, mò ń lu agogo, mo sì ń lé ewúrẹ́ kúrò nínú kíláàsì. Ọdún mẹ́ta péré ni èmi fúnra mi fi jókòó sí kíláàsì kí bàbá mi tó fà mí padà sóko. Ìwé tí mo kà tó kí n fi kí agbówó-orí ní Faransé kí n tó sá fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìbejì kì í ṣòroó mọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kan ní Ẹ̀gbọ́n, kí n pe èkejì ní Àbúrò. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Tọ́ntọ̀n ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń pe àbúrò ìyá wọn.

Wárápá ń ṣe Àbúrò. Bó bá ti ṣubú, àwọn ọmọ yòókù á tú ká bí ẹyẹ ẹ̀gà, wọ́n ní ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn náà yóò máa ṣubú. Dírẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé, sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Mo gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú àwọn ọmọ, ẹ wá mú un lọ.” Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Òun ló ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn ara rẹ̀ sí mi létí.

Dókítà ló mú oògùn náà wá. Nọ́ọ̀sì ni, ó máa ń gun mọ́bílẹ́ẹ̀tì wá láti ọ̀nà Ikpinlè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mú abẹ́rẹ́ dání, dókítà la ń pè é. Ìyá yóò fún ọmọ ní ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Ti ọ̀sán di ti ilé ìwé. Dírẹ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n gba òun sí, wọn ò gba òun sí oògùn. Bí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tọ́jú oògùn náà sí ṣe bọ́ sọ́wọ́ mi nìyẹn.

“Kí lo máa ṣe?” ni dókítà bi mí.

“Màá fún un lẹ́yìn oúnjẹ.”

“Odindi ẹyọ kan. Òun nìkan. Kí o dúró tì í títí yóò fi gbé e mì.”

“Mo gbọ́, dókítà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Kò sí ohun tó ṣe etí mi.

Lọ́jọ́ kìíní, àwọn méjèèjì jọ wá. Àbúrò la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́.

“Tọ́ntọ̀n, tèmi ńkọ́?”

“Ara ìwọ le.”

“Tèmi ńkọ́?”

Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí ni. Nílé wa, bí bàtà ọ̀kan bá já, bàtà méjì là ń rà. Bí wọ́n bá na ọ̀kan, wọn á fọwọ́ kan èkejì lẹ́yìn kí ó má baà rò pé wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ìyá mi kò sì yé sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ra aṣọ fún ọ̀kan ṣoṣo, tí gbogbo ọ̀pẹ oko rẹ̀ gbẹ. Èmi tí mo ti fi ẹ̀rú ọkọ́ pa ọká, mo wá ń làágùn níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo gbé kóró oògùn náà sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, ó dá sí méjì. Oníkálukú gba tirẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Ẹ̀pà wà lápò mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀pà ló yẹ kí n fún Ẹ̀gbọ́n. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí ọgbọ́n yẹn tó wá sí mi lórí.

Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní kíláàsì lọ́sàn-án. “Ọ̀lẹ!” ni olùkọ́ wọn pariwo. “Aláìsàn jókòó, ìwọ alára líle ń hanrun!” Ó ní kó lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbá ilẹ̀ náà lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Àbúrò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ṣubú. Dókítà padà wá, bàbá wọn sì dúró tì í.

“Ṣé ó ń gbé e mì?”

“Ó ń gbé e mì, dókítà. Mo máa ń dúró tì í.”

“Odindi?”

Mo wo bàbá wọn. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé mo ti ń fún ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le ní oògùn wárápá.

“Odindi ni.”

Dókítà mi orí. Ó ní bóyá oògùn náà ni kò bá ara rẹ̀ mu.

Lọ́jọ́ kejì mo pinnu pé Àbúrò yóò gba odindi. Mo mú kóró oògùn náà jáde. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́. Mo wá ọ̀bẹ.

Níbi tí wọ́n ti ń kọ díktè, àpèkọ tí olùkọ́ ń pè fún wọn, ni Àbúrò ti ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ wá, ó ní, “Oògùn òyìnbó ò ràn án.” Wọ́n gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú síléètì rẹ̀ láyà.

“Tọ́ntọ̀n, ṣé ọ̀la ni màá padà?”

“Ọ̀la kọ́,” ni mo wí.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Massè, ó ń bó gbáàgúdá. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, ó di olùkọ́ ní Porto-Novo.

Ó pẹ́ kí n tó lọ sí Massè. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà: ọ̀bẹ, bẹ́ǹṣì, irọ́ tí mo pa fún dókítà. Àbúrò ti dàgbà. Àpá iná gba apá rẹ̀ ọ̀tún láti ìgbà tó ṣubú síbi tí wọ́n ti ń dín gàrí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àpótí fún mi, kí n tó la ẹnu ló ti ń sọ̀rọ̀.

“Tọ́ntọ̀n, ní ilé ìwé yẹn, gbogbo wọn ló ń sá fún mi. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò bẹ̀rù.”

Mo ní kí ló dé tí gbáàgúdá ọdún yìí fi kéré báyìí.