Ìyá Ìgò àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Dákẹ́

Ìyá Ìgò ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ọtí ló ń mu, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kì í fẹnu kan ọtí. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ló ń tọ́jú. Rọ́bà kan máa ń fa ẹ̀jẹ̀ láti àyà wọn sínú ìgò, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ìgò náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti fẹ́ pọ̀ jù, á ti ké sí dókítà kí ẹlòmíràn tó yíjú.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n bí tòun ti ihò nínú ọkàn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ìgò rẹ̀ ṣáá. Ìyá rẹ̀ dúró tì í láti àárọ̀, kò fi omi kan ẹnu. Nígbà tó di ọ̀sán, ìgò dákẹ́. Inú Ìyá Ìgò dùn bí ẹni pé òun ló bí ọmọ náà.

"Ìyá ọmọ wa, ẹ̀jẹ̀ ti dá o! Ẹ lọ sílé, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, kí ẹ sùn díẹ̀."

"Ṣé kò séwu, Màmá?"

"Kò séwu rárá. Ẹ fọkàn balẹ̀, ṣebí mo wà níbí."

Obìnrin náà lọ. Ó yẹ kí Ìyá Ìgò yẹ rọ́bà yẹn wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké bẹ́ẹ̀, àmọ́ ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó dì nínú rọ́bà, ó dí i pa, èyí tó kù nínú àyà sì yí ọkàn kékeré náà ká, ó ń fún un mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó tún àyà là, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó jẹ́wọ́ fún dókítà àgbà. Ìyẹn ní ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí kò wọ̀ ọ́ létí nìyẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Nígbà tí ìyá ọmọ sunkún tán, ó wá di Ìyá Ìgò lọ́wọ́ mú.

"Màmá, Ọlọ́run á san án fún yín. Nínú gbogbo yín, ẹ̀yin nìkan lẹ rántí pé ó rẹ̀ mí."



Títí dòní, bí ìgò kan bá dákẹ́, á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ rọ́bà rẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Kì í sì í ní kí ìyá kankan lọ sílé mọ́. Àga ló ń gbé wá fún wọn.