Nọ́ńbà Tí Màmá Kọ́ Sórí

Ohùn tí Pamílẹ́rìn Akíndúró kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ti agogo ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá. Gán-án, gán-án, ní ìdájí, láti yàrá dé yàrá nílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, títí gbogbo ọmọ ilé á fi jókòó sórí ẹní fún àdúrà. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé orin ìjọ Aládùúrà ti kọ́ ọ ní nọ́ńbà. Nígbà tí Pamílẹ́rìn ra fóònù àkọ́kọ́, Màmá fi ohùn orin kọ́ nọ́ńbà rẹ̀ sórí: òdo, ẹẹ́jọ, òdo. Bó ṣe ń kọ ọ́ lórin ló ń tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà yìí náà ló bá a dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2022, nígbà tó wá ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Becontree Heath. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, Màmá á pè, á wúre fún un, á sì pa fóònù láìdágbére. Bí èèyàn bá pè é, kì í gbé e. "Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó wá sílé," ni í máa ń wí. Síìmù Nàìjíríà yẹn nìkan ni ohùn Màmá ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Fóònù Pamílẹ́rìn jábọ́ ní ibùdókọ̀, ojú fóònù náà fọ́ yángá. Òun àti Dávídì, tí wọ́n jọ ń gbé ní Barking Riverside, lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní East Street. Chloe, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, gbé fóònù méjì síwájú wọn. Wọ́n jọra bí ìbejì, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ó ṣàlàyé pé èyí tó wà lápá òsì ń gba síìmù méjì. Ti ọ̀tún ń gba ẹyọ kan, àmọ́ kámẹ́rà rẹ̀ dára jù, ó sì máa yára gan-an lórí nẹ́tíwọ̀kì tí Pamílẹ́rìn ń lò níbí.

Pamílẹ́rìn mú ti òsì. Ó gbé e sílẹ̀. Ó tún un mú.

"Kí lo ń rò?" ni Dávídì bi í.

"Láìnì ilé. Màmá."

"Ta ló tún ń pè ọ́ lórí ìyẹn, yàtọ̀ sí Màmá àtàwọn tó ń ta ilẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni, wo kámẹ́rà! Ojú rẹ yìí nílò ìrànlọ́wọ́."

Chloe kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ó bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Màá wá fóònù kékeré kan fún síìmù yẹn," ni Pamílẹ́rìn wí. Ó mú ti ọ̀tún.

Kò wá a. Sátidé àkọ́kọ́, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Sátidé kẹta, ó sùn di ọ̀sán. Ó fi láìnì Lọ́ńdọ̀nù pe Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Màmá kò gbé e. Ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàwà, Àǹtí Ìbíwùmí, àbúrò bàbá rẹ̀, pè é láti ilé. Màmá ti kú ní ìdájí.

"Má sunkún," ni Àǹtí wí. "Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí rẹ. Ẹ ṣáà jọ sọ̀rọ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ó ní o ti ń ṣe àmín dáadáa báyìí, o kì í kánjú mọ́."

Nígbà tí Àǹtí pa fóònù, Pamílẹ́rìn tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, èyí tí Màmá kọ́ sórí.

"Oyèyẹmí wẹ́dà nìyí, Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni nọ́ńbà yìí tẹ́lẹ̀."

Ọkùnrin náà bi í pé, "Àjàní?"

Oríkì Pamílẹ́rìn ni. Màmá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Oyèyẹmí wí. "Ilé iṣẹ́ fóònù ló ta síìmù yìí fún mi nígbà tí ẹ ò lò ó mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá pè, mo ní, 'Màmá, ẹ ṣi nọ́ńbà.' Wọn ò gbọ́, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Mo kúkú ṣe àmín. Èmi ò ní ìyá mọ́. Nígbà tó yá, mi ò lè sọ fún wọn mọ́."

"Kí ni wọ́n sọ gbẹ̀yìn?"

"Wọ́n ní n má jẹ́ kí òtútù mú mi. Wọ́n bi mí bóyá mo ti níyàwó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni tèmi, mi ò mọ tiyín."

"Inú wọn dùn?"

"Wọ́n kọrin."

Pamílẹ́rìn sọ fún un pé Màmá ti lọ. Oyèyẹmí kígbe "Yéè!" bí ẹni tí Màmá bí gan-an. Òun gan-an ni Pamílẹ́rìn wá ń rẹ̀ lẹ́kún.

Àárọ̀ ọ̀la ni iṣẹ́. Dávídì ti jáde. Pamílẹ́rìn tẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó dúró de áyọ́ọ̀nù títí ó fi gbóná. Ó lọ ẹ̀yìn aṣọ náà, ó lọ kọ́là, ó lọ apá méjèèjì, ó sì fi aṣọ náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.