Aṣọ Funfun Tí Kámẹ́rà Rí

Kámẹ́rà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kàn án mọ́ ògiri.

Mo ti fi iléèwé sílẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bíi pé iléèwé ń sunkún tẹ̀lé mi. Mo ń kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Sábó, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ní Sùúrùlérè. Tíṣà ni Àǹtí. Ó ti sọ ọ́ lójú ọkọ ẹ̀ pé tí nǹkan kan bá sọnù nílé yẹn tó sì kàn mí, kí n kó ẹrù mi, kí n máa lọ bá bàbá mi n'Íjọ́rà. Bàbá mi ò sì tíì mọ̀ pé mi ò lọ síléèwé mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí ni mo máa ń wà "nínú kíláàsì."

Kí n lè jọ ẹni tó wúlò, mo gbé kámẹ́rà kan wálé, èyí tí wọ́n ń pè ní dóòmù, tó rí bí ìdajì àgbọn. Mo kàn án sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fa omi wà. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé fìlà lásán ni dóòmù, pé bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ni orí: pátákó pẹlẹbẹ tí ò ju bisikíìtì lọ, tí ojú kékeré kan wà láàárín ẹ̀, tí àwọn iná wẹ́wẹ́ yí i ká. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn nílé bí olùkọ́ yunifásítì. Èmi tí yunifásítì ń wá.

Bí mo ṣe fẹ́ bó náílọ̀nù ara ẹ̀ báyìí, Àǹtí gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ kó tètè gbó ni?"

Nílé Àǹtí, náílọ̀nù ṣì wà lára fíríìjì, ó wà lára àga pálọ̀, ó wà lára rìmóòtù. Mo fi í sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, a dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rọ omi ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé páìpù ẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Mo rò pé ọjọ́ tí wọ́n máa mọyì mi ló dé yẹn. Ínfátà ló ń gbé kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n, mo bá pe gbogbo wọn jókòó, mo dá àwòrán padà sẹ́yìn, mo ń fi rìmóòtù tọ́ka bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

Gbogbo àwòrán náà rí bí omi ògì. Ọkùnrin kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dúró sídìí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò ní imú, kò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀ hàn. Pólò funfun.

Pólò funfun ló wà lọ́rùn mi.

Ọkọ Àǹtí, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Kò sẹ́ni tó wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ẹnjiníà," Àǹtí pè mí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Àǹtí, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Aṣọ ta ló wọ̀?"

Mo ní náílọ̀nù ni ò jẹ́ ká rí ojú ẹ̀. Mo ní tílẹ̀ bá ti ṣú, àwọn iná wẹ́wẹ́ yẹn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn ò lè rí, pé náílọ̀nù ló ń dá a padà sójú kámẹ́rà.

"Ṣé náílọ̀nù mi ló wá jí ẹ̀rọ?"

"Rárá, mà."

Ìgbà yẹn ni mo rántí àyà aṣọ mi. Orúkọ ẹ̀ka tí mo wà níléèwé ni wọ́n fi òwú dúdú kọ síbẹ̀, gàdàgbà. Iléèwé ò fún mi ní sátífíkéètì, pólò ni mo rí gbà. Mo ní, "Ẹ wo àyà olè yẹn! Kò sí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀."

Dádì ní, "Ó dáa. Lọ dúró síbẹ̀ ká wò ó."

Mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo dúró sídìí fèrèsé, mo pa tọ́ọ̀ṣì. Nínú dóòmù, mo gbọ́ "kẹ́": awẹ́ gíláàsì kékeré kan ló ń yẹ̀ kúrò lójú kámẹ́rà tílẹ̀ bá ṣú, kí ìmọ́lẹ̀ yẹn lè wọlé. Àyà mi náà ń ṣe kẹ́, kẹ́. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n wọlé, pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Àkọ́bí Àǹtí, ọmọbìnrin tí ò fẹ́ràn nǹkan bíi kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ló sọ̀rọ̀ látojú fèrèsé.

"Bọ̀dá, ìwé àyà yín ti lọ o. Funfun báláú."

Ọ̀gá mi ti sọ ọ́ fún mi rí, pé àwọ̀ dúdú míì kì í dúdú lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó lè funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo ń tẹ fóònù nígbà tó ń sọ ọ́. Mo wá lọ gbé ara mi síwájú kámẹ́rà, mo bá olè yẹn para pọ̀ di ẹnì kan.

"Wọlé wá kó ẹrù ẹ," Àǹtí sọ látinú pálọ̀. Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ti ń rí ojú bàbá mi, mo ti ń ro irọ́ tí mo máa pa.

"Má tíì wọlé," Dádì ní. "Fẹ̀yìn ti ògiri. Níbi tó dúró sí gan-an."

Mo fẹ̀yìn tì í.

"Mo ní kó o dìde dúró."

"Mo ti dìde, sà."

"Dúró ṣánṣán."

"Bí mo ṣe ga mọ nìyí, sà."

Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, orí olè kọjá òkè fèrèsé. Orí Bọ̀dá ò tiẹ̀ dé ìdajì ẹ̀."

"Ní kó fò," Àǹtí ní.

Mo fò. Nínú òkùnkùn, lẹ́yìnkùlé, mo ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, mo ń gbàdúrà kí orí mi má dé ibì kankan. Kò dé.

Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n. Àǹtí jókòó, ó ń fi èékánná họ náílọ̀nù apá àga.

"Tí dúdú bá lè di funfun níbẹ̀," ó ní, "a jẹ́ pé a ò tiẹ̀ mọ aṣọ tẹ́ni yẹn wọ̀."

Olè yẹn, a ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Tílẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá kẹ́ẹ̀gì méjì lẹ́nu ọ̀nà mi. Àǹtí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti múra iṣẹ́. Kò bẹ̀ mí; tíṣà kì í bẹ ọmọ.

"Ẹnjiníà, kò sómi nílé."

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, mi ò tiẹ̀ bi í léèrè ibi tí mo ti máa pọn ọ́n.