Irin Bàbá Lábẹ́ Ọkọ̀ Ìje

Ẹni tó bá gba ọ̀nà eléruku wọ ìlú Agua Mansa lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ó tó rí ilé kankan, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìró irin. Lábẹ́ páànù tí Nicanor Arballo nà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni ìró náà ti ń wá. Nicanor kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń là lásán. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, yóò lọ sí oko àlùbọ́sà, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga ṣe, tó sì ń fi iná jó páìpù tó bá bẹ́ pọ̀. Bí ó bá dé, kò ní bọ́ bàtà, kò ní béèrè oúnjẹ. Abẹ́ páànù ló ń gbà lọ tààrà, bí ẹni tí aláìsàn ń retí.

Ọkọ̀ ìje ló ń kàn níbẹ̀, irú èyí tí ń sáré la aṣálẹ̀ Baja já lọ́dọọdún, tí ń fò lórí òkúta, tí ń rì sínú iyanrìn, tí ó sì tún ń jáde. Àwọn olówó máa ń ra tiwọn ni. Nicanor ń kan tirẹ̀ láti ara ọkọ̀ akẹ́rù tí Crisanto, bàbá rẹ̀, kú fi sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà ló ń gbé àgbá omi fún wọn nígbà ọ̀dá. Òun ló gbé ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló sì gbé pósí rẹ̀ padà wálé. Lọ́jọ́ tí Nicanor fi iná gé òrùlé ọkọ̀ náà kúrò, Fermín àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ṣí fìlà rẹ̀ dání bí ẹni tó wá síbi òkú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tún un bí."

"Ẹ ò tún nǹkan kan bí. Bàbá lẹ ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ yẹn."

"Fermín, láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni ọkọ̀ yìí ti wà nínú òjò, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Nígbà tí adìẹ ń yé sínú Bàbá, kí lo sọ?"

Fermín kò rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń kọjá níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òdìkejì ọ̀nà ló máa ń wò.

Ohun tí Fermín kò dúró wò ni pé Nicanor kò ju ṣásí ọkọ̀ náà nù. Irin gígùn tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tó ru ẹrù bàbá wọn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, orí rẹ̀ ló kọ́ gbogbo ohun tuntun lé. Gbogbo ẹni tó mọ ìje ló kìlọ̀ fún un pé irin náà ti gbó. Heladio náà kìlọ̀. Heladio yìí ló gbé Chayo, ọmọbìnrin Nicanor, níbi ìrìbọmi, láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń pe ara wọn ní kompadre. Iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe, ìyẹ̀fun kì í kúrò létí rẹ̀. Òun ni yóò jókòó ti Nicanor lọ́jọ́ ìje láti máa ka ọ̀nà fún un.

"Kompadre, irin yìí dàgbà jù mí lọ."

"Ìwọ náà ṣáà ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Èmi kì í fò lórí òkè. Bi ìyàwó mi."

Nicanor rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa akoto iná bo ojú, ó sì ń jó irin rẹ̀ lọ. Ó fi páìpù tẹ àgò irin yí ìjókòó méjèèjì ká, kí ó lè dáàbò bo orí wọn bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ó de ṣọ́ọ̀kì gígùn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Sitiárìn bàbá rẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ ti fá dán, ló dá padà sí àyè rẹ̀.

Obdulia ìyàwó rẹ̀ a máa gbé ẹ̀wà tí ó dì sínú tọtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, wá bá a, a sì dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́.

"Bàbá Chayo, kí lẹ ń wá gan-an? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò lè gba ipò kìíní."

"Ta ló ń wá ipò kìíní?" Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Mo fẹ́ kí ó gba ibí kọjá. Kí Fermín wà lórí òkè níbẹ̀, kí ó rí ọkọ̀ Bàbá tó ń sáré, kí ó mọ̀ pé mi ò pa á."

"Ẹ kúkú lọ sọ fún un. Ilé rẹ̀ ò jìnnà ju ibi tí gbígbó ajá wa ń dé lọ."

"Ó máa fojú ara rẹ̀ rí i."

Obdulia kó àwo rẹ̀. "Ẹ̀yin Arballo," ló wí, "bí wọ́n bá ní kí ẹ ta ọ̀rọ̀ fún ara yín, ẹ máa fi òṣùwọ̀n wúrà wọ̀n ọ́n."

Ní Agua Mansa, ọjọ́ ìje ni ọjọ́ ihò. Àwọn ọkọ̀ máa ń gba inú odò gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ìlú kọjá, ṣáájú ọjọ́ náà sì ni àwọn ọkùnrin ìlú máa ń gbẹ́ ihò kan sí ojú ọ̀nà, lẹ́yìn kọ́nà, níbi tí awakọ̀ kò ti ní tètè rí i. Gbogbo ìlú a jókòó sórí òkè pẹ̀lú ẹran sísun àti ọtí tútù, wọn a máa wo bí ọkọ̀ àwọn àlejò ṣe ń fò sókè bí ewúrẹ́ tí oyin ta. Crisanto ló bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Ó ní àwọn tí ń fi eruku bo aṣọ tí àwọn sá sórí okùn, ó yẹ kí wọ́n san owó ibodè díẹ̀. Òun ló kọ́ Nicanor níbi tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí, Nicanor sì kọ́ Fermín. Fermín ni olórí àwọn agbẹ́hò báyìí.

Nígbà tí ìje kù fẹ́ẹ́fẹ́, Heladio dá ọ̀rọ̀ ihò náà sílẹ̀.

"Kompadre, ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ pé kí wọ́n fi ihò sílẹ̀ lọ́dún yìí."

"Mi ò ní bẹ ẹni tí kì í wo ojúlé mi."

"Èmi ń kọ́? Ìdí tèmi náà máa wà nínú ọkọ̀ yẹn!"

"Fọkàn balẹ̀. Àárín ọ̀nà ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí. Ẹ̀gbẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà ní kọ́nà la máa gbà. Ta ló kọ́ Fermín ní ihò gbígbẹ́?"

Ọjọ́ ìje pé. Obdulia wọ́n omi ìbùkún sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Heladio sì ní kí ó wọ́n díẹ̀ sí ìdí òun. Ìrìn àjò náà dára ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Wọ́n kọjá lára àwọn ọkọ̀ olówó tó ti kú sójú ọ̀nà, tí àwọn oníṣẹ́ wọn rọ̀gbà yí wọn ká. Irin àtijọ́ náà ń ké lábẹ́ wọn bí ibùsùn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ odò gbígbẹ. Nicanor rí èrò lórí òkè. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn, láti ọ̀nà jíjìn, nínú ariwo ẹ́ńjìnnì, ọkàn rẹ̀ sì wú débi pé ojú rẹ̀ ṣú.

Wọ́n yọ ní kọ́nà. Fermín wà létí ọ̀nà níbẹ̀, ṣọ́bìrì ní ọwọ́ kan. Ó ń fi ọwọ́ kejì júwe àárín ọ̀nà, ó ń fò sókè, ó ń pariwo ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́.

"Ó ní ká gba àárín!" Heladio ké.

Nicanor rí ọwọ́ náà. Ihò ló ń fi hàn mí yẹn, ló wí nínú ara rẹ̀. Inú ihò ló fẹ́ kí n wọ̀. Ó yí sitiárìn bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún.

Ilẹ̀ là lábẹ́ wọn. Imú ọkọ̀ wọlẹ̀, ìdí rẹ̀ dìde, irin sì dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn dá igi gbígbẹ lórí orúnkún.

Nígbà tí eruku wálẹ̀, Heladio ń kérora, èjìká rẹ̀ ti yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Nicanor há sáàárín sitiárìn àti àgò irin, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Fermín ló kọ́kọ́ dé. Ó bẹ́ sínú ihò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, ó ń fa bẹ́líìtì tó de ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò gba àárín? Mo ti dí i! Èmi ni mo dí i! Àwọn olówó yẹn ti mọ ihò wa, ẹ̀gbẹ́ igi ni gbogbo wọn ń gbà báyìí, ìyẹn la ṣe gbé e síbí. Mo dí àárín kí ọ̀nà lè tẹ́jú fún yín. Ṣebí mo júwe rẹ̀ fún yín? Àbí ẹ ò rí mi?"

"Mo rí ẹ," ni Nicanor wí.

Kò sọ ohun tó rò nígbà tó rí i. Títí dòní kò tíì sọ ọ́.

Ṣásí ti dá sí méjì. Kì í ṣe ojú ibi tí Nicanor jó ló ti dá. Irin bàbá wọn gan-an ló dá, láàárín. Wọ́n fi katakata oko àlùbọ́sà wọ́ ọ padà sábẹ́ páànù, ibẹ̀ ló sì wà. Ìka méjì tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún Nicanor kò ṣeé ká mọ́, kò sì lè di iná mú mọ́. Ẹlòmíràn ló ń jó páìpù lóko báyìí.

Fermín ń wá sílé náà báyìí. Bí Obdulia bá gbé kọfí sílẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jókòó ti ọkọ̀ náà, wọn á máa wò ó. Àwọn adìẹ ti padà sínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, Fermín á ní kí àwọn wá irin mìíràn, kí àwọn jó o pọ̀, òun yóò di iná mú, kí ẹ̀gbọ́n òun máa júwe. Nicanor á mi orí. Ó mọ ibi tí fífi ọwọ́ júwe ti gbé e dé.

Nígbà tí ìje tún pé, àwọn ọkùnrin ìlú wá wá Fermín pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Kò tẹ̀ lé wọn. Abẹ́ páànù ni òun àti Nicanor jókòó sí, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń kọjá nínú odò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ariwo ayọ̀ sì ń sọ lórí òkè. Eruku dé bá wọn níbi tí wọ́n wà. Fermín fi fìlà bo kọfí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí eruku má bàa bà sí i. "O ṣeun," ni Nicanor wí.