Rúlà Láàárín Irin àti Ọ̀pá

Ọ̀wọ̀ tí à ń fún àgbà nílùú wa, Ìlá, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo bu ọ̀wọ̀ náà fún un, nítorí náà èmi ni kí ẹ bá wí.

Tọ́nà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nígbà tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ léètì, èyí tó ń yí irin bí a ti ń gbẹ́ ẹ, ló fi ń jẹun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì wálé, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ra léètì kékeré ránṣẹ́ sí i, irú èyí tó ṣe é gbé ka orí tábìlì. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì máa ń lọ jókòó tì í lẹ́yìnkùlé, kí n máa bá a ta epo sí irin.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń ṣe òrùka idẹ bíráàsì méjì fún fáànù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbígbẹ́ rẹ̀ kò le. Gígé òrùka já kúrò lára ọ̀pá bíráàsì ni wàhálà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ ni wọ́n fi ń gé e, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé àárín ọ̀pá tó ń yí. Bó bá ga jù, kò ní gé nǹkan kan, yóò kàn máa ha ọ̀pá títí yóò fi kán.

Méjì ti kán. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo rí i pé ó ga jù. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe bàìbàì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ṣé èmi àbúrò ni n óò wá sọ fún un pé kò ríran dáadáa? Mo ní, "Irin ayé ìsinsìnyí ò dáa mọ́, sà."

Ó mi orí. "Irin kọ́. Ọwọ́ mi ni. Bí ẹ̀kẹta bá tún kán, n óò gbé ẹ̀rọ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan! Ìṣojú mi ló ti fi ìka yan irin nínú agolo bisikíìtì: ó fi èyí tó nípọn sílẹ̀ torí yóò gbọn ẹ̀rọ kékeré jìgìjìgì, ó mú èyí tó fẹ́lẹ́, ìwọ̀nba ẹnu rẹ̀ ló sì jẹ́ kó yọ síta. Lẹ́yìn náà ló wá to páànù pẹlẹbẹ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ láti gbé e sókè. Méjì ì bá ti tó.

Kó tó tan ẹ̀rọ, mo mú rúlà irin kékeré, mo fi há àárín ẹnu irin náà àti ọ̀pá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi: bí rúlà bá dúró ṣánṣán, irin ti ṣe déédéé; bí orí rẹ̀ bá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀pá, irin ga jù.

"Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án, sà."

Ó fọwọ́ kàn án. Orí rúlà dà síwájú, ó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀pá. Ó yọ páànù kan, ó tún fọwọ́ kàn án. Rúlà dúró. Ó tan ẹ̀rọ, irin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bíráàsì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òrùka àkọ́kọ́ sì já bọ́ sínú àwo.

"Ojú ni, kì í ṣe ọwọ́," ó wí. Ó kọjú sí mi. "O sì rí i."

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí gan-an.

"Dìde jàre. Ìkúnlẹ̀ rẹ yìí ló fẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́."

Ó tú irin náà, ó pọ́n ọn, ó tún un dè fún òrùka kejì. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Ó rẹlẹ̀ díẹ̀, sà," mo wí.

Ó na ọwọ́ sí mi. "Fún mi ní páànù kan."